Adjaratou Kì Í Ta Ajá fún Ẹni Tí Kò Mọ̀

Ajá tí Souradjou rà fún ìyá rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ tóbi. Bẹrijé ni wọ́n pè é, irú ajá elétí gàgàrà tí àwọn ọlọ́pàá máa ń mú kiri nínú tẹlifíṣọ̀n. Souradjou gbé e wá láti Bassila nínú páálí bisikíìtì, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó sì yọ ayọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé.

Raïhanatou wo ajá, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní òun dúpẹ́. Opó ni, ó sì ń dá gbé nínú oko kajú rẹ̀ lẹ́yìn Manigri láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ ara wọn gbin gbogbo igi tó wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí kò mọ ìwà rẹ̀. Ajá àtijọ́ tó ń bá a ṣọ́ oko ti darúgbó kú nígbà tí ìkórè tó kọjá ń bẹ̀rẹ̀, àfi bíi pé wọ́n kéde rẹ̀ fún àwọn olè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti máa ń ṣa kajú tó bọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì fi ewé sílẹ̀ fún un kó máa gbá.

Nígbà náà ni Souradjou ṣe òfin. Bí kò bá sí ajá gidi nínú oko kí ìkórè tó ń bọ̀ tó dé, ìyá rẹ̀ yóò kó ẹrù, yóò wá máa bá òun gbé ní Bassila, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó ní ìfẹ́ ló jẹ́ kí òun sọ bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn Ọ̀fà, ó ju Òjé lọ: àpọ́n tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó ń jẹun lójú títì láàárọ̀ lálẹ́, kò lè ṣàì máa rántí ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Raïhanatou ní kí wọ́n kúkú sin òun sábẹ́ igi kajú ju kí òun máa wo ògiri lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ajá fi di ọ̀rọ̀ ńlá.

Ẹni tó ta bẹrijé náà ni Husseini. Ọmọlúàbí gbáà ni Husseini. Ẹ óò rí i nítòsí ibùdókọ̀ Bassila, pẹ̀lú aago tó ń kọ mànà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ àti pọ́tábù, ìyẹn fóònù alágbèéká, tó kún fún àwòrán ajá. Bàbá ajá wà ní Faransé, ìyá rẹ̀ wà ní Parakou, ọmọ nìkan ló wà ní Bassila, nínú páálí. Souradjou bi í bóyá òun lè rí ìyá ajá náà. Husseini ní ó ń sinmi. Souradjou bi í bóyá wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́. Husseini ní wọ́n ti gún un. Abẹ́rẹ́ wo? Gbogbo rẹ̀. Èyí tó tún dára jù ni pé kì í da oníbàárà láàmú. Kò bi ọ́ ibi tí ò ń gbé, kò bi ọ́ ohun tí ajá yóò jẹ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní, òun náà ni pé dúdú lo fẹ́ ni àbí pupa. Bó o bá sì wá lọ́la, ajá wà. Bó o wá lóṣù tó ń bọ̀, ajá wà. Bó bá jẹ́ ọ̀bọ lo fẹ́, yóò ní kó o dúró díẹ̀.

Souradjou, tí kì í ra ẹ̀bù iṣu láìjẹ́ pé ó dé oko tí wọ́n ti wà á, tí yóò fi èékánná họ èèpo rẹ̀ wò, tí yóò sì bi àwọn aládùúgbò bóyá iṣu ọ̀hún ta dáadáa, gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbọ́ láti orí dé ìrù.

Bẹrijé kò mọ omi lá. Ọmú ló ń wá. Ó ń wá a lára páálí, ó ń wá a lára bàtà Raïhanatou, ó sì ń sunkún títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ikùn rẹ̀ le bí igbá, egungun ìhà rẹ̀ sì hàn. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ dé. Dókítà ẹran tí wọ́n gbé e lọ bá ní wọ́n ti tètè já a gbà lẹ́nu ọmú, kò sì dá òun lójú pé abẹ́rẹ́ kankan ti kan ara rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó kú sórí itan Raïhanatou. Ó dun obìnrin náà gan-an, ó sì sunkún, kò tilẹ̀ tì í lójú.

Souradjou tẹ Husseini láago. Obìnrin kan tó ń sọ Faransé geere ló dá a lóhùn, ó ní nọ́ḿbà tó ń pè kò sí mọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Souradjou wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti ṣe ìwọ̀n tí òun lè ṣe, pé kó máa di ẹrù díẹ̀díẹ̀. Raïhanatou ní ó tó àsìkò kí òun fúnra òun lọ wá ajá, bí ó ti yẹ kí wọ́n máa wá nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní Manigri, bí ọmọkùnrin bá rí obìnrin tó fẹ́ fẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ a máa rán obìnrin kan tí ojú rẹ̀ mú lọ sílé àwọn òbí ọmọbìnrin náà. A kì í sọ ọjọ́ tá à ń bọ̀. Òwúrọ̀ là ń lọ, kí wọ́n tó rí àyè tún ilé ṣe, ẹ̀yìnkùlé là ń gbà wọlé, ìyá là ń kọ́kọ́ wò kí a tó wo ọmọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Raïhanatou ni ojú ìdílé wọn fún iṣẹ́ yìí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dé ibi pé ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ìdílé náà ló ti darúgbó láìníyàwó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nígbà tó ní òun fẹ́ ṣèwádìí ajá. Ó dá wọn lóhùn pé ìyàwó ní ẹnu tó lè fi sọ ibi tó ń dùn ún, ajá kò ní.

Adjaratou ni wọ́n júwe fún un, obìnrin Bassila kan tó ń sin ajá lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to gẹdú sí. Àwọn tó júwe rẹ̀ kò yìn ín. Wọ́n ní ìkà ni, pé owó á wà lọ́wọ́ rẹ, ajá á wà nílẹ̀, kò ní tà á fún ọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ajá rẹ̀ ń bímọ, wọ́n á sì ní kó o lọ dúró. Husseini kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀.

Raïhanatou gun zém, ọ̀kadà tó ń kó èrò, ní òwúrọ̀ kùtù, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ilẹ̀ mọ́. Omi inú abọ́ mọ́. Ìyá ajá wà níbẹ̀, kò sí ní Parakou rárá, ó dùbúlẹ̀ sórí àpò, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gun ara wọn. Wọ́n sanra, ikùn wọn kò sì le. Nígbà tí wọ́n rí àlejò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sáré wá. Raïhanatou ṣí ìpéǹpéjú wọn wò, ó gbóòórùn ẹnu wọn, ó wo abẹ́ ìrù wọn, kò rí àléébù kankan. Inú bí i díẹ̀, nítorí ẹni tó mọ àléébù wá kì í fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Àṣé Adjaratou ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò ó. Ó kí i, ó fún un ní àga, ìbéèrè sì bẹ̀rẹ̀. Ta ni wọ́n jọ ń gbé? Kí ni èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ń jẹ? Kí ló pa á? Ṣé okùn ni yóò so èyí mọ́lẹ̀? Bí àìsàn bá dá a wó lóko, ta ni yóò fún ajá lóúnjẹ? Raïhanatou dáhùn títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

“Ajá ni mo wá rà,” ó ní. “N kò wá fẹ́ ọmọ yín.”

“Òun náà lẹ wá ṣe, ìyá,” ni Adjaratou wí. “Ẹ máa lọ sílé. Èmi náà á wá wo ilé yín, n kò sì ní sọ ọjọ́.”

Láti Bassila títí dé Manigri ni Raïhanatou fi ń kùn lẹ́yìn ọlọ́kadà. Gbogbo ìgbà tó ti ń ṣe ìwádìí kiri, ẹ̀yìn ọkọ ló máa ń wà. Kò tíì fìgbà kan wá sí i lọ́kàn pé ìyàwó náà ní ẹbí, àti pé ẹbí náà ní ojú.

Ìgbálẹ̀ rí ìyà. Ojoojúmọ́ ló ń gbá abẹ́ igi kajú, ibi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi ewé sí. Ó fọ ìkòkò tó mọ́, ó tún un fọ̀. Adjaratou kò wá. Òdòdó kajú yọ, kajú so, Souradjou sì ránṣẹ́ pé òun ti ra bẹ́ẹ̀dì sí yàrá náà.

Lọ́jọ́ ọjà ni ẹnìkan wá sọ fún un pé obìnrin Bassila kan ti wá tó sì ti lọ. Kò ya oko. Ààrin ìlú ló jókòó sí, ó ń bi àwọn èèyàn léèrè Raïhanatou, ibi tó sì pẹ́ sí jù ni ilé Kafayatou.

Ara Raïhanatou tutù. Nínú gbogbo ilé tó wà ní Manigri! Oko òun àti ti Kafayatou ló pààlà, ṣùgbọ́n ẹ káàárọ̀ nìkan ló kù láàárín wọn. Souradjou ti fẹ́ràn Habibatou, ọmọ Kafayatou, nígbà kan. Raïhanatou lọ ṣèwádìí, ó bá ìkòkò àná láìfọ̀ lẹ́yìnkùlé, eṣinṣin ń ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, ó sì yí padà láìwọlé. Ó ní òun kò lè gba ọ̀lẹ fún ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, Souradjou kò sì mú ẹlòmíràn wá sílé mọ́.

Ó mọ ohun tí òun ì bá sọ, ká ní òun ni Kafayatou. Ó wọ ilé, ó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó ń sunkún.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn náà ni Adjaratou dé lórí zém, ó fi ìborùn gbá ọmọ ajá kan mọ́ àyà. Kò wo ilẹ̀ gbígbá, kò wo ìkòkò. Ó ní ajá náà ti gba abẹ́rẹ́, kí Raïhanatou mú un wá fún èyí tó kù nígbà tí oṣù bá tún lé. Ó ní bó bá di ọjọ́ kan tí kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, kó má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, kó dá a padà fún òun, ìgbàkúùgbà ni ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀. Raïhanatou kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó bi í pé kí ni Kafayatou sọ.

“Ó ní ẹnu yín mú, pé kò sí èèyàn tó lè bá yín gbé,” ni Adjaratou dáhùn. “Ó wá ní ajá yín bá yín gbé títí ó fi fọ́jú. Ó ní bẹ́ ẹ bá ń lọ sódò, ẹ máa ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ kó lè gbọ́ ibi tẹ́ ẹ wà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn.”

Ojú ti Raïhanatou. Nígbà tí Adjaratou lọ tán, ó gbé ọmọ ajá náà, ó kọjá ààlà, ó lọ sọ́dọ̀ Kafayatou. Ó bá a níbi tó ti ń sá iṣu bíbó sórí àpáta, ó sì bi í ìdí tí kò fi ba òun jẹ́.

“Ó bi mí, mo dá a lóhùn,” ni Kafayatou wí, kò gbójú sókè. “Ìyá Souradjou, ọjọ́ tí ìwọ wá, ta lo bi? Ibà ló dá mi wó. Gbogbo òru ni Habibatou fi ń fi aṣọ tútù nù mí lára, kò rí àyè fọ ìkòkò.”

Raïhanatou gbé ọmọ ajá náà kalẹ̀. Ó bi í bí Habibatou ṣe wà.

“Ó wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Pénéssoulou. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò lè rìn mọ́. Òun ló ń gbé e jáde láàárọ̀ kó lè yá oòrùn, tó sì ń bọ́ ọ lóúnjẹ.” Kafayatou yí iṣu kan padà. “Ìyá náà máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi náà máa ń wá ẹni tí mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa ń rántí ìwọ tó kọ̀ ọ́.”

Raïhanatou, tí kò sí ẹni tí kì í fún lésì, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú iṣu nínú agbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sá a.