Kọ̀ǹpútà Tuntun Tó Ní Kí Ìyá Mi Pè Mí

Kọ̀ǹpútà tuntun náà ní kí n bọ́ bàtà kí n tó bá òun sọ̀rọ̀. Mo bọ́ ọ. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù tí ìyá mi ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ní Ìkìrun: bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ lásán lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí eruku má baà pa ẹ̀rọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, ṣọ́ọ̀bù náà ni mo wà. Fáànù òkè ń yí, ó ń ráhùn nípa orúnkún rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà bi mí ní èdè tí mò ń sọ. Mo sọ fún un. Ó bi mí ní ìlú mi. Mo sọ ìyẹn náà. Ó ní, "Kí ni kí n kó láti inú ti àtijọ́?"

"Ohùn ìyá mi."

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Inú rẹ̀ nìkan ni ohùn náà kù sí.

"Ó yá, jẹ́ kí n kọ orúkọ mi, kí o máa kó o."

"Ìyẹn ti di tàná. Wọ́n ti tún ètò ìbẹ̀rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bí ọ ni yóò pè ọ́, ìwọ yóò sì dáhùn. Bí o bá dáhùn, mo kó o. Bí o kò bá dáhùn, mo pa á rẹ́."

"Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí, o ti ń pàṣẹ bíi baálẹ̀! Ìyá mi ti kú."

"Mo mọ̀. Òun ló ń nu ẹ̀yìn mi yìí."

Òótọ́ ni. Ìyá mi wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń fi aṣọ tútù nù ún. Búbá tí a fi sin ín ló wọ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti lọ̀ ọ́.

"O ti rù," ló wí. "Àbí o ò jẹun ni?"

Ìlà funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá kún, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ta ni ò mọ̀ pé bí òkú bá peni lójú àlá, a kì í dáhùn? Ẹni tó bá dáhùn, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí lóríkì. Mo fẹ́ ohùn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

"Ẹ pè mí, Màámi."

Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. "O ò tíì jáwọ́ nínú orí kunkun yìí." Ó wá pè mí bó ṣe máa ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé: "Àwẹ̀ró o!"

Mo lanu. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu, ọwọ́ náà ń ta òórùn ọṣẹ. Ó sì fi ohùn mi ti ìgbà èwe dá ara rẹ̀ lóhùn: "Mò ń bọ̀, mà!"

Ìlà funfun kún. Kọ̀ǹpútà ní, "Àwẹ̀ró, káàbọ̀." Kò mọ ìyàtọ̀.

Ojú rẹ̀ ṣí. Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà níbẹ̀, oòrùn ń ràn. Ìyá mi ti wà nínú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń sá aṣọ. Ọmọbìnrin kékeré kan ń bá a di etí aṣọ náà mú. Mo pe ìyá mi. Mo tún pè é. Kò dá mi lóhùn. Omi ń kán láti ara aṣọ náà sórí itan mi.