Bàtà Ìyá Àgbà àti Ọmọ Inú Kọ̀ǹpútà

Aránbàtà ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà tipẹ́, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀. Eegun kan ló ń rìn nínú rẹ̀. Kò lórí, kò lápá. Ìbàdí, itan, orúnkún àti ẹsẹ̀ nìkan ni, pẹ̀lú àwọn okùn pupa tó dúró fún iṣan. Bó bá rìn dé etí kan, á tún bẹ̀rẹ̀ láti etí kejì, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò rí ilé tí wọ́n rán an sí.

"Ọmọ yín nìyẹn, Bàbá," ni dókítà obìnrin tó ń ṣèwádìí nípa ìrìn ẹ̀dá fi ẹ̀rín músẹ́ wí. "Ohun tí àwọn kámẹ́rà rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti bó ṣe tẹ irin tó ń wọn ìtẹ̀sẹ̀ nílẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ la kó sínú ẹ̀rọ. Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tá a bá mú kí iṣan ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ gùn sí i."

Ó tẹ bọ́tìnì kan. Orúnkún eegun náà nà.

"Ká tó fi abẹ kan ọmọ, a ti kọ́kọ́ fi kan èyí. Bó bá bàjẹ́ níbí, kò dun ẹnikẹ́ni."

Ìwé tí aránbàtà máa fọwọ́ sí wà lórí tábìlì. Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà. Kò tíì fọwọ́ kan bíírò.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ọmọ náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà nítorí ẹnu rẹ̀, ti pé ọdún mọ́kànlá. Ọmọ ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ni nígbà tí ilé ìwòsàn mìíràn di símẹ́ǹtì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n ní tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á máa fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni wọ́n tó tú u. Egbò mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, aránbàtà ṣì lè fi ìka tọ́ka sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí ìka ẹsẹ̀ lọmọ ṣì ń rìn. Ẹni tó di símẹ́ǹtì yẹn náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Kí ló dé tí kò lórí?" ni aránbàtà béèrè.

"Orí kò sí lára ohun tá à ń wá, Bàbá."

"Ní tèmi, orí ọmọ mi wà lára ohun tí mò ń wá."

"Àǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn," ni Ìyá Àgbà wí látorí àga tó wà. "Kọ́kọ́rọ́ ilé wa pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tá a bá débi ìyànà, wọ́n á tún padà."

Aránbàtà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà ọ̀tún lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí.

"Dókítà, ta ló ni ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ yín?"

"Ti ọmọ yín ni, Bàbá."

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wo abẹ́ bàtà. Oṣù méje ló ti wọ èyí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lẹ awọ mọ́ iwájú rẹ̀. Ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀, ìlà tó bá a wá ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ tiyín ń fi gìgísẹ̀ lulẹ̀ bíi ṣójà."

Ẹ̀rín kúrò lójú dókítà. Ó gba bàtà náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó dá a padà sórí ìwé. Ó wo nọ́ńbà tó wà lórí fáìlì, ó wo ọjọ́, ó wo gígùn itan àti ojúgun. Gbogbo rẹ̀ bára mu.

Èyí tún wá bu epo síná ìfura aránbàtà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nọ́ńbà lè bára mu kí ẹsẹ̀ má bára mu. Ta ló mọ ọmọ tí wọ́n gbé fáìlì rẹ̀ pààrọ̀?

"Ẹ jẹ́ ká wo fídíò ọjọ́ náà fúnra rẹ̀," ni dókítà wí.

Ìyá Àgbà ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, nínú ṣòkòtò péńpé, tòun ti bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ fún àwọn kámẹ́rà. Ó ń rìn lọ, gìgísẹ̀ ń kan ilẹ̀, orúnkún tẹ̀. Létí àwòrán náà, ọkùnrin kan jókòó, ó fi fìlà lé itan. Kí ọmọ tó gbẹ́sẹ̀, ọkùnrin náà gbé ẹ̀ṣẹ́ sẹ́nu, ó wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lọmọ rìn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wúkọ́.

"Ẹ̀yin náà kúkú lẹ wúkọ́, Bàámi," ni Ìyá Àgbà wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Aránbàtà tẹjú mọ́ ọkùnrin inú fídíò náà. Ó rántí ọ̀gá ilé ìwé tó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ nígbà tó pé ọdún mẹ́fà, tó ní òun kì í gba ọmọ tó ń yọ́ rìn bí olè. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni aránbàtà fi kọ́ ọmọ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn: bí àlejò bá ń wò, òun á wúkọ́, ọmọ á sì fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Wọ́n gbà á wọlé. Láti ìgbà náà ló ti ń wúkọ́ lójú pópó, ní ṣọ́ọ̀bù, níbikíbi tí ojú bá ti pọ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ pé òun ń wúkọ́.

"Ṣé ó máa ń rọrùn fún ẹ?" ni dókítà bi ọmọ náà.

"Rárá o. Kì í ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ kí n tó padà sórí ìka. Àfi kí n tẹ orúnkún. Tí mo bá nà án, iṣan ìsàlẹ̀ á tún fa gìgísẹ̀ sókè."

Dókítà jókòó. Ó fa ìwé yọ lábẹ́ bàtà, ó fà á ya sí méjì. "Orúnkún tó tẹ̀ la rí, la bá ní iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ló kúrú. Ti ìsàlẹ̀, tó wà láàárín orúnkún àti gìgísẹ̀, ló kúrú. Bàbá, ibi tí kò ṣẹ̀ là bá gé."

Aránbàtà gbé bàtà náà mọ́ra. Gbogbo bó ṣe ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì yìí, òun alára ló ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀.

Wọ́n tún lẹ bọ́ọ̀lù mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ní kí bàbá rẹ̀ bọ́ síta. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ń yún un, ó ń gbé itọ́ mì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ nínú yàrá, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ìró tí kò jẹ́ kí àjèjì gbọ́ láti ọdún márùn-ún. Ó kà á. Ẹ̀ẹ̀méje ni.

Ó tó wákàtí méjì kí wọ́n tó pè é wọlé. Eegun mìíràn ń rìn nínú kọ̀ǹpútà, orí ìka ẹsẹ̀ ló ń rìn, orúnkún rẹ̀ nà. Ó gbé bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wò ó títí.

"Èyí jọ ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan o."

"N kò tíì fún yín níwèé, Bàbá. Inú ẹ̀rọ la ó ti kọ́kọ́ dán iṣan ìsàlẹ̀ wò. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì mú bàtà yẹn dání."

Èrò kún yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Bí wọ́n ṣe yọ, gbogbo ojú yí sí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ìyá Àgbà wẹ̀yìn, ó wo ẹnu bàbá rẹ̀, ó ń dúró de ikọ́.

Aránbàtà pa ẹnu dé. Ó na ọwọ́ síwájú pé kó máa lọ.