Àmín Orí Owó Údójì

Agolo mílíìkì mẹ́ta ni Mọ̀dínátù fi ń ṣètò ilé rẹ̀. Ó so òwú dúdú mọ́ ọ̀kan, ti oúnjẹ nìyẹn. Ó so òwú funfun mọ́ èkejì, ti owó ilé nìyẹn. Ẹ̀kẹta ló so òwú pupa mọ́, ti gbèsè Àlàájà Ìdíátù sì ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bí Àmúsà ọkọ rẹ̀ bá ti gba owó ọ̀sẹ̀ dé, Mọ̀dínátù á gbà á, á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á sì pín in. Agolo olówùú pupa ló máa ń kọ́kọ́ dá owó sí. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ilé á máa jẹ. Bó bá sì tán ní Ọjọ́rú, gààrì ló kàn, gààrì tí kò ní ṣúgà.

Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé náà ní Ẹ̀gbẹ́dá a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ahun ni. Wọ́n ní ẹja ṣáwá kan ṣoṣo ló máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọbẹ̀ rẹ̀ láti Ajé títí di Jímọ́ọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò jẹ gbèsè rí ni kó máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Mọ̀dínátù fẹ́ bí Múdàṣírù, ọmọ náà dábùú, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, Àlàájà tó ni ilé tí wọ́n ń gbé ló sì ka ọgọ́ta náírà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí owó yẹn, àtìyá àtọmọ ni ilẹ̀ ì bá gbé mì. Mọ̀dínátù kò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Àlàájà náà kò sì jẹ́ kó gbàgbé. "Mùsùlùmí ni mí, n kì í gba èlé," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, òótọ́ sì ni, kì í gba èlé. Aṣọ ló ń gbà. Gbogbo aṣọ Iléyá àwọn ọmọ rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Mọ̀dínátù ló ń rán an lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ tí ìyá Mọ̀dínátù rà fún un l'Ógbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìránṣọ ni wọ́n sì fi dúró fún gbèsè ọ̀hún. Ó ṣì ń lò ó, náírà mẹ́ta ni wọ́n sì ń san lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n Àlàájà ti sọ ọ́ lójú gbogbo ará ilé: "Bí kò bá sí, màá ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fi pamọ́ fún mi, ọjọ́ náà ni maṣíìnì di tèmi." Wọ́n gbà. Kí ni wọn ò ní gbà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Àlàájà kò mọ̀. Àmúsà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Lébìrà ni lọ́dọ̀ kọ́ńgílá kan tó ń la títì, iṣẹ́ òòjọ́, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ kò sówó. Ṣùgbọ́n kákí kan wà tó rà nínú òkìríkà, tí wọ́n fi òwú rán lẹ́tà orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba kan mọ́ àyà rẹ̀, òun ló sì wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá bẹ Àlàájà fún yàrá. Àlàájà wo àyà rẹ̀. Ó ní, "Òṣìṣẹ́ ìjọba ni yín, àbí?" Àmúsà wúkọ́, ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Mọ̀dínátù wolẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ìjọba, tí orí rẹ̀ sì ń wú sí i. Bí òwú lẹ́tà náà bá tú, Mọ̀dínátù ni yóò tún un rán. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń rán mọ́ ọkọ òun láyà, ṣùgbọ́n kákí yẹn ló gba yàrá fún wọn, òun náà ló sì jẹ́ kí wọ́n rí owó yá.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Údójì fi dé, níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Epo rọ̀bì ti sọ ìjọba di olówó, ìjọba sì fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó tún kó ti àwọn oṣù tó ti kọjá pọ̀, ó san án fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni gbogbo ayé ń pè ní Údójì. Tíṣà Olúdayọ̀, ará Oǹdó tó ń gbé yàrá iwájú, gbé rédíò-gíráàmù wọlé, kò sì jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi mọ́. Agnes ìyàwó rẹ̀ ra léèsì méjì lọ́jọ́ kan. Ó dára fún wọn. Ṣùgbọ́n ọjà kì í béèrè pé ta ló gbà, ta ni ò gbà. Gààrì gbówó lórí, kẹrosíìnì gbówó lórí, ẹja ṣáwá tó ń lúwẹ̀ẹ́ náà di ohun tí à ń fojú wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni agolo olówùú dúdú ti ń gbẹ báyìí.

Síbẹ̀, Mọ̀dínátù kò fọwọ́ kan agolo olówùú pupa. Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù lọ́rùn wọn. Ó ti ṣírò rẹ̀: kí àgbàdo tuntun tó jáde, ẹ̀rọ ìránṣọ òun á di tòun pátápátá, òun á gbé bẹ́ǹṣì síta, òun á gba ọmọṣẹ́ méjì, òun náà á sì máa gbowó iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ìrètí yẹn ló fi ń mu gààrì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Tíṣà san owó ilé ọdún kan gbáko fún Àlàájà. Inú Àlàájà dùn débi pé ó gbé àga sí àárín ilé, ó sì ké sí gbogbo obìnrin ilé pé kí wọ́n wá gba àdúrà. Mọ̀dínátù ń fọṣọ lọ́wọ́. Ó sáré wá, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ìjọba rántí nínú ilé yìí," Àlàájà tẹ́wọ́ àdúrà, "ìwọ ìyàwó Tíṣà, ìwọ ìyàwó Bàbá Ìjọba, owó Údójì tó wọlé yín yìí, kò ní bá àìsàn lọ. Kò ní bá òfò lọ."

"Àmín o!" Agnes ké e, ó tún fò sókè díẹ̀.

Gbogbo ojú bá yí sí Mọ̀dínátù.

Ẹ gbà mí, kí ni kó ṣe? Bó bá ní àwọn ò gba Údójì, ó ti bọ́ kákí lára ọkọ rẹ̀ lójú ayé nìyẹn. Bó bá sì dákẹ́, ta ló ń gbọ́ àdúrà owó tó ń panu mọ́? Níbi tí wọ́n ti bí i, ẹni tí àgbà ṣàdúrà fún tí kò ṣàmín, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ire sẹ́yìn. Ó tilẹ̀ rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí owó náà ò bá tíì wọlé, bóyá àmín ni yóò mú un wọlé. Òṣì a máa mú èèyàn ronú bẹ́ẹ̀.

"Àmín," ó wí.

"N ò gbọ́ ọ."

"Àmín, Àlàájà."

Àlàájà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dìde lórí àga.

Aṣọ tí Mọ̀dínátù sá kò tíì gbẹ tí Àlàájà fi ránṣẹ́ pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mọ̀dínátù, owó mi dà?"

"Owó wo, Àlàájà? A ti san náírà mẹ́ta ti oṣù yìí."

"Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù ni mò ń sọ. Ẹ gba Údójì, ẹ dákẹ́. Tí kì í bá ṣe pé mo ṣàdúrà, ṣé ǹ bá mọ̀ ni?"

Mọ̀dínátù kúnlẹ̀. "Àlàájà, ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́run. A ò gbà á. Kọ́bọ̀ kan ò wọlé wa."

"Kí lo wá ń ṣàmín sí?"

"Àdúrà ni, Àlàájà. Mo rò pé..."

"Owó tó wọlé yín ni mo ṣàdúrà lé lórí. O ní àmín. Mo ní n ò gbọ́, o tún un wí. Ṣé Ọlọ́run lò ń purọ́ fún ni, àbí èmi? Yan ọ̀kan ṣá!" Àlàájà kọjú sí yàrá iwájú. "Ìyàwó Tíṣà! Àbí obìnrin yìí ò ṣàmín?"

"Ó ṣe é, mà," Agnes dáhùn. Kò ní ibi kankan lọ́kàn, ó kàn ń sọ òtítọ́ bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe é, mà."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí àwọn àgbà ṣe wí nìyẹn, Mọ̀dínátù sì rántí rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, inú sì bí i sí àwọn àgbà náà. Àwọn kan náà ló kọ́ ọ pé kéèyàn má gbọ́ àdúrà kó má ṣàmín. Èwo ni kó tẹ̀ lé nínú méjèèjì?

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè gbà á sílẹ̀. Àmúsà sì wọlé dé láti Ìkòtún, níbi tó ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ọjọ́ Àìkú náà nìyí o, kákí ló wọ̀.

"Bàbá Ìjọba," Àlàájà pè é, "ìyàwó yín ní ẹ ò gba Údójì. Ṣé ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́ ni?"

Mọ̀dínátù gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló ń fojú bẹ̀ ẹ́ fún: lébìrà kọ́ńgílá ni mí. Ojú á tì wọ́n, àwọn ará ilé á fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí á fi sú wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ẹ̀rọ ìránṣọ á wà níbi tó wà. Àmúsà wo Tíṣà tó jókòó ti rédíò-gíráàmù rẹ̀. Ó wo Agnes. Ó fọwọ́ kan lẹ́tà àyà rẹ̀.

"Àwọn ọ̀gá wa ṣì ń tò ó lọ́wọ́ ni, Àlàájà," ó wí. "Tiwa máa tó jáde."

"Ti tíṣà jáde, ti àwọn tó ń gbálẹ̀ ní káńsù jáde, tiyín nìkan ni wọ́n ń tò?" Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Ó ti yé mi. Ẹ ti fi ra ilẹ̀ síbì kan, ẹ wá fẹ́ kí n jókòó síbí kí n máa gba náírà mẹ́ta-mẹ́ta. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ilé, àbí n ò sọ ọ́?"

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá wọn, Mọ̀dínátù rò pé ọkọ òun á bẹ òun. Kàkà kó bẹ̀bẹ̀, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ẹnu ẹ ló kó wa sí wàhálà, Ìyá Múdà! Ta ló ní kó o ṣàmín? Kí ló ṣe ẹ́ tó ò lè panu mọ́?"

"Bàbá Múdà, kí lẹ ò ṣe sọ òótọ́ fún un?"

"Kí n máa sọ ara mi di lébìrà lójú Tíṣà?"

Mọ̀dínátù da agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ẹní. Gbogbo rẹ̀ kò ju náírà mẹ́fà àti kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ. Ó dì í sí etí aṣọ, ó tún lọ kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà pé kó gbà á lórí gbèsè. Àlàájà kà á, ó yọ náírà márùn-ún sọ́tọ̀, ó da ìyókù padà fún un.

"Owó ilé nìyí. Ó dẹ̀ kù náírà mẹ́ta, torí márùn-ún ti di mẹ́jọ láti oṣù yìí. Gbogbo onílé ló ti fi kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba Údójì, kí ló fẹ́ ni yín lára níbẹ̀?"

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin méjì wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà. Aṣọ tí Mọ̀dínátù ń rán lọ́wọ́ ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fà á ya, ó ní kí wọ́n dúró, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já òwú náà. Aṣọ ọmọ-ọmọ Àlàájà ni. Owó maṣíìnì náà lọ́jà ju gbèsè tó kù lọ dáadáa, gbogbo ilé ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà, Àlàájà dá wọn dúró. Àánú ṣe é lójijì, tàbí ó fẹ́ kí àwọn tó ń wò rí i pé àánú ṣe òun.

Ó tẹ́wọ́. "Mọ̀dínátù, má banú jẹ́. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ dípò fún ẹ."

Mọ̀dínátù pa ètè pọ̀. Ó ń wo ibi tí ẹ̀rọ náà ti jókòó tẹ́lẹ̀, ó sì pinnu pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ fún òun ní nǹkan, kó fún òun láìsí ìdáhùn òun.

"Àmín!" Àmúsà ló ké e lóhùn rara, nínú kákí rẹ̀.

Àlàájà mi orí. "Ẹ rí i? Òṣìṣẹ́ ìjọba mọ àdúrà."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí òwú lẹ́tà àyà kákí tún tú. Àmúsà bọ́ ọ, ó gbé e wá síwájú ìyàwó rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó ní kó bá òun rán an kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Mọ̀dínátù ń ka kọ́bọ̀ sínú agolo olówùú funfun, nítorí owó ilé ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu gbogbo wọn báyìí. Kò gbójú sókè.

"Ẹ gbé e lọ fún Àlàájà," ó wí. "Òun ló ni maṣíìnì."

"Àbí o ò ní abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni?"

"Mo ní."

Àmúsà ṣì na kákí náà sí i. Mọ̀dínátù ka owó rẹ̀ tán, ó de agolo náà, ó sì lọ po gààrì fún ọmọ.