Kọ̀ǹpútà Kò Gba Ọkọ̀ Mọ́ Awakọ̀ Lọ́wọ́

Ara akọ̀ròyìn kan ò lélẹ̀ ní ọ́fíìsì láti àárọ̀. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á tún lọ yọjú lójú fèrèsé bíi pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa gbà dé. Aago méjì ni ọkọ̀ òfurufú tó yẹ kó gbé Màmá wá máa gbéra. Aago méjìlá ti kọjá. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú kan ṣoṣo tó kù fún un, dókítà tó máa ṣe é kò sì ní padà wá kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n Màmá ti fàáké kọ́rí: òun ò wọ ọkọ̀ òfurufú kankan, bọ́ọ̀sì ọ̀la lòun máa bá wá.

Ẹ má bi mí pé ta ló kó ìbẹ̀rù sí i lára. Ọmọ rẹ̀ akọ̀ròyìn yìí ni.

Ojú ìwé kìíní ìwé ìròyìn àná, lẹ́tà gàgàrà: KỌ̀ǸPÚTÀ GBA ỌKỌ̀ MỌ́ AWAKỌ̀ LỌ́WỌ́ LÓKÈ! Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ọkọ̀ òfurufú kan fẹ́ balẹ̀, awakọ̀ rí i pé mọ́tò tó ń gbá ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ máa ń balẹ̀ sí kò tíì kúrò, ó tún gbé ọkọ̀ gòkè, ó yípo, ó balẹ̀ wẹ́rẹ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ṣàlàyé rẹ̀ fún akọ̀ròyìn lórí fóònù fún ogún ìṣẹ́jú gbáko.

"Ọwọ́ awakọ̀ ló pàṣẹ," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ̀rọ ìdarí tuntun yìí, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, kàn ń tètè mọ atẹ́gùn lára ju èèyàn lọ ni, òun ló mú apá ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọkọ̀ tún gòkè kì í ṣe jàǹbá."

Akọ̀ròyìn kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ kan ní òun gbọ́ tí awakọ̀ ń pariwo pé ọkọ̀ ò gbọ́ tòun mọ́. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lèrò náà jókòó sí. Etí wo ló fi gbọ́ awakọ̀? Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló gorí ìròyìn, ti onímọ̀ ẹ̀rọ di ìlà kan nísàlẹ̀. Olóòtú fọwọ́ gbá akọ̀ròyìn léjìká pé ó káre, orí rẹ̀ sì wú.

Fóònù dún. Ó fò mọ́ ọn.

"Màmá rèé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí. "Bá wọn sọ ọ́ fúnra ẹ. Ẹnu mi ti bó."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sí pápákọ̀."

"Kí n lọ wọ ohun tí kì í gbọ́ràn sáwakọ̀ lẹ́nu? Ojú ló ń dùn mí o, orí mi ò dàrú."

"Kò léwu, Màmá."

"Ìwọ lo kọ ọ́! Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n ẹ kà á sí mi létí."

Akọ̀ròyìn ní wọ́n ti tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Màmá ní ohun tó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan á tún bàjẹ́. Ó ní ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n máa wọ̀. Màmá bi í pé ṣé kò sí kọ̀ǹpútà nínú ìyẹn. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé ṣà. Aago ń lọ, òógùn bò ó, olóòtú sì ti na etí látorí tábìlì kejì. Ojú ń ti akọ̀ròyìn gidigidi.

"Màmá, irọ́ ni mo pa."

Gbogbo ọ́fíìsì yíjú sí i.

"O ní kí ni?"

"Awakọ̀ ló darí ọkọ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ṣàlàyé fún mi, ó sì yé mi dáadáa. Èyí táwọn èèyàn máa fẹ́ kà ni mo kọ."

 Akọ̀ròyìn gbọ́ tí Màmá ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé báàgì, kó wá bàtà òun. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

"Mo ń bọ̀," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ṣùgbọ́n ọdún kẹjọ rèé tí wọ́n ti ń ka ìròyìn ẹ sí mi létí. Èmi náà á sì máa sọ ọ́ káàkiri àdúgbò, pé òótọ́ ni, ọmọ mi ló kọ ọ́. Èwo ló tún jẹ́ irọ́ nínú wọn, kí n lè lọ bẹ àwọn èèyàn?"

Akọ̀ròyìn lanu, kò mọ èyí tí òun máa kọ́kọ́ dárúkọ.