Ẹni tí Ọ̀jẹ̀túndé Ṣí Ibodè Fún

Fíìmù ogun tí Gbọ́lá ọmọ ìlú wa ṣe dùn, kí á má parọ́. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọ́kọ́ fi hàn ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa lẹ́bàá Ìpókíá, Màmá Àrìnpé sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àfi ìgbà tí wọ́n fi bàbá ńlá Màmá fúnra rẹ̀ hàn, Ọ̀jẹ̀túndé oníbodè, tó ń rẹ́rìn-ín bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu olóko, tó ń ṣí ibodè ìlú sílẹ̀ fún ọ̀tá.

"Ọ̀dàlẹ̀!" Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo.

Ó bọ́ sí àsìkò tí ìjọba ti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò pa. Kò sí ẹrù, kò sí èrò, yẹ̀yẹ́ nìkan ló kù tí àwọn ọlọ́kadà ń gbé. Bàrúwà ló burú jù: "Màmá, ẹ bá wa ṣí ti Ìdí-Ìrókò náà. Iṣẹ́ ìdílé yín kúkú ni!"

Gbọ́lá ní fíìmù náà ń lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Màmá ní irọ́ yẹn ò ní bá a débẹ̀. Nígbà ìfihàn kejì, bí Ọ̀jẹ̀túndé ṣe fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, Màmá dìde, ó dúró gbagidi níwájú aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀. Ogun wá ń jà lórí bùbá rẹ̀.

"Ẹ kúrò níbẹ̀!"

"N ò kúrò! Gbọ́lá, o mọ fíìmù ṣe. Ẹṣin mẹ́ta péré lo ní, o fi wọ́n yípo títí wọ́n fi di ọgọ́rùn-ún, mo patẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta lo ní ó gba ibodè yẹn wọlé?"

"Ọ̀tá ni, Màmá. Fíìmù tí ò ní ọ̀dàlẹ̀, ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ ni."

Màmá kọjú sí èrò. "Gbogbo ẹni tí wọ́n gbé wá sí ẹnu ọ̀nà ilé wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ dìde!"

Ẹnì kan dìde. Ẹni mẹ́wàá. Ìlà ẹ̀yìn dìde tán. Bàrúwà tẹrí mọ́lẹ̀, àfi gbì! Ìyá rẹ̀, Toheebat, fi ìgúnpá gún un. "Dìde! Ṣé èmi kọ́ ni mo gbé ọ lọ ni?" Ìyá náà kọjú sí Gbọ́lá. "Ogun ló lé àwọn bàbá wa débí. Gbogbo ìlú ní kí wọ́n kú síta. Ọ̀jẹ̀túndé nìkan ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé ọmọ wa lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ."

A bojú wẹ̀yìn. Gbọ́lá fúnra rẹ̀ ti wà lórí ìdúró.

"Wọ́n gbé èmi náà lọ síbẹ̀," ló wí. "Mo rò pé àdúrà lásán ni. N ò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Màmá, màá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́, lódìkejì Ìdí-Ìrókò, ni òṣèré tó ṣe Ọ̀jẹ̀túndé ń gbé, ẹnubodè sì wà ní títì."

Màmá nawọ́ sí èrò. "Ṣé ọmọ àwọn tó sá wọlé kọ́ ló dúró yìí? Àwọn ló máa ṣe é. Bàrúwà yóò pọn ìyá rẹ̀ sáré wọlé."

"Màmá, ìyá mi wúwo o!"

"Ogun kì í béèrè ìwọ̀n."

"Ta wá ni oníbodè?" Gbọ́lá béèrè.

Màmá ti ń tú gèlè rẹ̀. "Ẹ wá irùngbọ̀n fún mi."