Oòrùn Ọwọ́ Ọ̀tún

Nínú ọkọ̀ ìgbòkun, bẹ́líìtì ni alásè fi ń dáná. Mo máa ń fi í so ìbàdí mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, kí ìgbì má baà da èmi àti ọbẹ̀ pọ̀. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: Àǹkù, àbúrò ìyá mi, tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, Àǹtí, ìyàwó rẹ̀, bàbá tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, tí a ń pè ní Bàbá Elépo nítorí epo dúdú kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, àti èmi. Ọkọ̀ kì í ṣe tiwa. Ẹni tó ni ín wà ní òdìkejì òkun, ó ní ká gbé e wá fún òun.

Nítorí Màmá Àgbà, ìyá ìyá mi, ni mo ṣe bá wọn lọ. Òun ló tọ́ mi, òun ló kọ́ mi níwèé lórí tábìlì ilé ìdáná. Erékùṣù kan tó wà lójú ọ̀nà wa ló ń gbé báyìí, ojú rẹ̀ sì ń ṣú lọ. Dókítà ní kò ní pé oṣù kan mọ́ tí ìmọ́lẹ̀ á fi tán níbẹ̀. Àǹkù ṣèlérí pé a máa dúró fún ọjọ́ méjì. "Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí kẹ́yìn, ọkọ mi," ni Màmá sọ fún mi.

Èmi àti Àǹtí la jọ ń di ìtọ́kọ̀ mú láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi mọ́. "Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ," á wí. "Ṣé orúnkún rẹ yìí ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí Màmá, àbí òkun ti sọ ọ́ di igi?" A ó sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejìlá, Àǹtí kò jí mi. Ojú ọjọ́ ti mọ́ kí n tó dìde. Ó ní, "Mo ti bá ẹ ṣe tìẹ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù." Mo dúpẹ́ dáadáa.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni oòrùn àárọ̀ ti ń gba ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé, tó ń gbóná sí mi lẹ́yìn. Lọ́jọ́ yìí, fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún ló gbà wọlé. Ìkòkò ń yọ̀ lọ sí òsì, bẹ́líìtì sì ń fà mí. Erékùṣù Màmá wà ní ìwọ̀ oòrùn. Bí a bá ń lọ síbẹ̀, ẹ̀yìn wa ló yẹ kí oòrùn wà.

Bàbá Elépo wọlé wá gba tíì.

"Bàbá, ṣé a ti yà ni?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ́ńjìnnì ni tèmi. Ẹ́ńjìnnì kì í mọ ibi tó ń lọ." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Ẹni tó máa ń bu ṣúgà ṣíbí mẹ́rin kò bu ẹyọ kan tó fi gòkè lọ.

Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Àǹkù wà nídìí ìtọ́kọ̀, Àǹtí jókòó tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹkù, oòrùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún."

Kò wojú mi. "Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ní òun ń fẹ́ ẹ kíákíá. Bí a bá yà sí erékùṣù, a ò ní bá ọjọ́ tó dá. Ìyá tèmi náà ni wọ́n, ọmọ mi."

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Àǹtí ló dáhùn: "Ó di ọjọ́ mẹ́ta."

Ọjọ́ mẹ́ta. Ó sì ń bá mi kà á: ó ku mẹ́fà, ó ku márùn-ún, ó ku mẹ́rin. Lánàá ló bá mi yan aṣọ tí màá wọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó mú pupa, ó ní ojú tó ń ṣú máa ń tètè rí pupa.

"Ẹ jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀."

"Sinmi ná," ni Àǹtí wí. Ṣùgbọ́n Àǹkù na fóònù sátẹ́láìtì sí mi.

"Màmá, wọ́n ti yí ọkọ̀ padà. Mi ò ní lè wá mọ́."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Àǹkù rẹ ti pè mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ, kí o lè máa jẹun, kí o lè máa sùn."

"Ẹ̀yin náà, Màmá?"

Òun ló nà mí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, torí mo parọ́ pé ológbò ló da mílíìkì nù. Ó ní kò sí irọ́ tó kéré.

"Ojú yín ńkọ́?"

"Ti ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ṣì ń bá mi ṣeré." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Mo ń ṣe àmín, àmín, títí ohùn rẹ̀ fi já.

Mo padà sídìí sítóòfù. Mo yan búrẹ́dì náà, nítorí ebi kò mọ ẹni tó dalẹ̀. Nígbà tí mo gbé e gòkè, Àǹtí rọra fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ṣé o ti jẹun?"

Mo ń gé búrẹ́dì.

"Ọmọ mi, mo ní ṣé o ti jẹun?"

Mo gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, àgbà kan kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ kí n má dáhùn. Mo gbé tirẹ̀ síwájú rẹ̀, mo fi bọ́tà sí i bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo sì sọ̀kalẹ̀ lọ.