Pílásítà Inú Yẹ̀rì Màmá

Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ gééré ni Ẹ̀gbọ́n máa ń pè láti ìlú tó ń gbé. Kì í kí èèyàn kó tó bẹ̀rẹ̀.

"O rí i lórí fóònù ẹ? Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá! Màmá sùn fún wákàtí méje, wọ́n rìn dáadáa, ọpọlọ wọn jí pépé. Kí lo wá ń pariwo lé lórí?"

Ìkòkò tó jóná ló wà lọ́wọ́ Àbíkẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ obìnrin, irin ló fi ń ha ìdí ẹ̀. Màmá ló gbé e kaná lánàá, tí wọ́n sì lọ dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ wọn. Nígbà tó béèrè, wọ́n ní, "Ta ni ìkòkò ò jó mọ́ lọ́wọ́ rí? A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì."

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni Ẹ̀gbọ́n fi aago ọwọ́ kan ránṣẹ́ sí Màmá. Ó ń ka ìgbésẹ̀, ó ń ṣọ́ oorun, ó sì ń dán ìrántí àgbàlagbà wò. Láràárọ̀, yóò fi ohùn obìnrin kan tí inú rẹ̀ máa ń dùn láìnídìí pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò ní kí Màmá tún wọn pè. Èsì á bọ́ sórí fóònù àwọn ọmọ méjèèjì, tó bá sì dára, àwọ̀ ewé ló máa ń yọ. Láti oṣù mẹ́rin, àwọ̀ ewé ni ṣáá, bí oko àgbàdo.

Ṣùgbọ́n Àbíkẹ́yìn ló ń bá Màmá gbé. Òun ló bá sálúbàtà nínú firíìjì. Òun ni wọ́n bi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé Bàbá ti tibi iṣẹ́ dé, Bàbá tó ti kú láti ọdún mẹ́fà. Gáàsì ló sì ń bà á lẹ́rù jù. Aago mẹ́jọ ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́, aago márùn-ún ló ń wọlé, Màmá nìkan ló sì máa ń wà nílé pẹ̀lú iná. Ó fẹ́ kí òun àti Ẹ̀gbọ́n wá ẹni tí yóò máa jókòó ti Màmá, kí dókítà sì yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ní kò sídìí ẹ̀, pé aago ò purọ́. Wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè ni Ẹ̀gbọ́n wà lóòótọ́, àmọ́ aago ló ń wò, kò wo igi.

Lọ́jọ́ Ajé, Àbíkẹ́yìn mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà gba fóònù, ó fi ìka fa èsì sókè, ó fà á sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Èmi gan-an ò lè gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá yìí. Ẹ̀yin lẹ nílò ìsinmi, mà."

"Dókítà, ẹ wo Màmá, ẹ má wo fóònù!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ mi."

Màmá ká ọwọ́ lé itan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ká mọ́dìí ìkòkò. Inú bí Àbíkẹ́yìn débi pé ó gbàgbé agboòrùn rẹ̀ síbẹ̀. Ká ní òun ni aago náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ìbínú ẹ̀ ì bá ti yọ lórí fóònù Ẹ̀gbọ́n.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi ṣe nọ́ọ̀sì. Sísítà ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè wọ́n, àwọn dókítà kéékèèké sì máa ń sá fún wọn. Màmá kì í wá bébà kiri lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á ya pílásítà funfun, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ níbi itan, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n bá rí sí i: ta lara rẹ̀ gbóná, ta ló ti gba abẹ́rẹ́. Tí iṣẹ́ bá parí, ohun tó wà lórí pílásítà yẹn ni wọ́n á kà fún nọ́ọ̀sì tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Gbogbo ọmọ ilé ló mọ ọ̀rọ̀ wọn lórí èyí: "Nọ́ọ̀sì lè purọ́ fún ọkọ, ó lè purọ́ fún ọ̀gá. Kì í purọ́ fún ẹni tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí aláìsàn ló máa kú."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àbíkẹ́yìn gbé tíì wọ yàrá Màmá ṣáájú àsìkò. Aago ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ mẹ́wàá náà pè." Màmá ká aṣọ sókè dé orúnkún, wọ́n tẹjú mọ́ yẹ̀rì wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wéréwéré: "Àga. Òjò. Kọ́kọ́rọ́. Ìwé. Ṣíbí..." Pílásítà funfun ló wà lára yẹ̀rì náà, ọ̀rọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì wà lórí ẹ̀.

Aago yìn wọ́n. Àwọ̀ ewé yọ.

"Màmá!" Àbíkẹ́yìn gbé ife tíì kalẹ̀ gbì. "Oṣù mẹ́rin! Oṣù mẹ́rin ni gbogbo wọn fi ń wò mí bíi wèrè! Èmi ni mò ń ha ìkòkò, èmi ni dókítà ń bá wí, ẹ̀yin wá ń jí ìwé wò bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀!"

"Ta ló jí ìwé wò? Mo kọ nǹkan sílẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì kì í gbára lé orí."

"Aago ò mọ nọ́ọ̀sì o, Màmá!"

Ó kúnlẹ̀ láti já pílásítà náà kúrò. Etí yẹ̀rì ṣí, ó sì rí i pé àwọn mìíràn wà nínú, àwọn tó ti pẹ́, tí Màmá ti ń ṣí kúrò lára yẹ̀rì kan lẹ̀ mọ́ èkejì títí etí wọn fi dúdú. Ọ̀kan ní: *Bàbá ti kú. Má béèrè mọ́.* Èkejì ní: *Pa gáàsì. Pa gáàsì.* Ẹ̀kẹta ló gùn jù: *Obìnrin tó ń gbé tíì wá, tó máa ń bínú, ọmọ mi ni. Má bẹ̀rù ẹ̀.*

Àbíkẹ́yìn kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tì í. Síbẹ̀ inú ṣì ń bí i, kò kàn mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí mọ́ ni.

Fóònù dún. Aago méje ààbọ̀.

"O rí i? Mẹ́wàá nínú..."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ sáà máa gbọ́."

Ó ṣí ohùn fóònù síta, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ó mọ̀ pé bí òun bá bi Màmá ní ìbéèrè bí ọmọ, irọ́ ni wọ́n máa pa. Ló bá dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, bó ṣe máa ń rí i tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré.

"Ẹ kú iṣẹ́, Sísítà. Èmi ni mo wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

Màmá wò ó títí. Ẹ̀yìn wọn nà. Wọ́n bọ́ aago náà kúrò lọ́wọ́, wọ́n fi í sórí àga.

"Ibùsùn kìíní," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì mọ́ kedere. "Obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó ń jẹun, ó ń rìn. Ìrántí rẹ̀ ń lọ, ó ti lé lọ́dún kan. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń burú jù. Ó ti tan gáàsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú iná. Ó ń fi gbogbo ẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà á." Wọ́n wo ojú Àbíkẹ́yìn. "Ó ní ọmọkùnrin kan tó wà lọ́nà jíjìn. Ó ní ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú ẹ̀. Àárọ̀ míì wà tí kì í dá a mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n fọn imú nínú fóònù.

"Ṣé o gbọ́, nọ́ọ̀sì?"

"Mo gbọ́, Sísítà. Mo ti gba iṣẹ́."

"Ó dáa." Màmá na ẹsẹ̀ sórí ibùsùn, wọ́n pa ojú dé bí ẹni tó ṣe tán tó ń lọ sílé. "Kó o rọra máa ṣe sí i o. Ó mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i."